Ilé Tó Ń Jí Èèyàn

Òótọ́ inú Bàbá Ògúnkànmí fẹ́ẹ̀ ya Ìbíwùnmí ní wèrè. Gbogbo ẹni tí obìnrin ajẹ́ńtì yìí bá mú wá wo yàrá nílé bàbá náà n'Íbafò, wọn ò tíì wọlé tán tí bàbá á fi ní, "Ẹ wo ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìnkùlé yẹn. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìdájí, ariwo sípíkà wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sùn mọ́." Ni ẹni tó ń wá yàrá á bá fẹsẹ̀ fẹ́ẹ.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tòní yìí, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́," ni Ìbíwùnmí fìbínú wí.

Nígbà tí Ọlágòkè, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, wá wo yàrá, Ìbíwùnmí bi í pé, "Ṣé o kì í pẹ́ dé ibiṣẹ́?"

"Ojoojúmọ́ ni, mà! Oorun ni ò jẹ́ n tètè jáde."

"Ilé tó ń jí èèyàn nìyí. Aago mẹ́rin ìdájí báyìí, orin ṣọ́ọ̀ṣì á gbé ẹ dìde. Kí ọ̀nà tó dí, o ti dé Ọ̀jọ́ta."

Ọlágòkè gba yàrá lójú ẹsẹ̀, ó tún kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Kò pẹ́ tí ilé fi kún. Ẹnu ya bàbá.

Àfi bí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ṣe bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Ìbíwùnmí ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́ nígbà tí bàbá pè é lórí fóònù.

"Ìbíwùnmí, máa bọ̀ kíá! Àwọn ayálégbé ti ká mi mọ́lé. Wọ́n ní àfi kí n tún ariwo mi ṣe!"