Wàláà Tó Hàn Ju Ojú Lọ

Bí inú bá ń bí mi, ohùn mi a máa lọ sókè. Gbogbo ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò mi ní Challenge ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti gbà fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, ohùn kan ò jáde lẹ́nu mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ fíìmù tán ni. Mo gbé e sókè ní tútù síbi iná, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó.

Ojú Ìyá Sakinah ò mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo yà á, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ṣe bàìbàì bí ojú ẹni tó wà lẹ́yìn èéfín. Ṣùgbọ́n wàláà Kùráánì tí wọ́n fi kọ́ lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ńkọ́? Háà! Ó mọ́ gaara. Mo lè ka háráfì orí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àṣé pátákó ni mo lọ yà!

"Subhanallahi," ni mo wí níkẹyìn. "Màsúdát, o ti pa ara ẹ."

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Ẹlẹ́hàá ni Ìyá Sakinah. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un wọ ilé ọkọ, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, yàtọ̀ sí dókítà, kò sí ọkùnrin àjèjì tó rí ojú rẹ̀, kò sì sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé ayé yìí. Ọkọ rẹ̀, àáfáà tó kọ́ ìdajì adúgbò wa ní kéwú, ti kú tipẹ́, obìnrin náà ò tìtorí ìyẹn ṣíjú. Kókó kan wá yọ sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó kọ́kọ́ dà bí èkùrọ́, nígbà tó yá ó di bí ọsàn. Àwọn dókítà ní Ọjọ́bọ̀ làwọn máa gé e. Wọ́n ò sì tàn án, wọ́n ní egungun àgbọ̀n á bá a lọ, ojú náà ò ní rí bó ṣe rí mọ́.

Nígbà tó gbọ́ ìyẹn ló ránṣẹ́ pè mí.

"Màsúdát," ló wí láti abẹ́ ìbòjú, "mo fẹ́ kó o bá mi ya ojú yìí kí wọ́n tó tún un ṣe. Ìwọ ni mo mọ̀ tó jẹ́ obìnrin nínú iṣẹ́ yẹn. Kókó ò kókó, òun náà ni Ọlọ́run fún mi, kò yẹ kó lọ láìsí ẹ̀rí. N ò fẹ́ ti fóònù o. Ti fóònù, kí n tó dìde ńlẹ̀ ó ti dé orí sítétọ́ọ̀sì gbogbo èèyàn. Kámẹ́rà bàbá rẹ ni kó o gbé wá, tó jẹ́ bébà kan ṣoṣo ló ń jáde. Ẹ̀ẹ̀kan ni n ó sì ṣí i."

Ẹ̀ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń lù mí ní àyà bí mo ti di fíìmù tútù náà mú.

Kámẹ́rà bàbá mi kì í ṣe irú tó ń wá nǹkan fúnra rẹ̀. Ihò kékeré kan lẹ máa yọjú wò lókè rẹ̀. Nínú ihò náà, ohun tẹ́ ẹ bá ń wò á di méjì, òun fúnra rẹ̀ àti òjìji rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ó máa yí lẹ́ǹsì títí méjèèjì á fi wọnú ara wọn. Ohun tó bá ti di ẹyọ kan nínú ihò, òun ló máa mọ́ nínú fọ́tò. Ṣùgbọ́n bí kinní kan bá yẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà pẹ́nrẹ́n, ihò á ní ó ti di ẹyọ kan, fíìmù á ní irọ́ ni. Ẹni tó ń yà á ò sì ní mọ̀, àfi tó bá fọ fíìmù tán, tí ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Kámẹ́rà yìí sì ti já bọ́. Lóṣù tó kọjá, bí mo ti ń sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ní Ọ̀fà Garage, okùn rẹ̀ kọ́ mọ́ irin, ó lọ sílẹ̀ gbì! Mo gbé e, mo nù ún, mo rí i pé kò fọ́, mo ní alhamdulillahi, mo bá tèmi lọ. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Láti ọjọ́ náà, inú oòrùn ni mo ti ń fi ṣiṣẹ́. Nínú oòrùn, ẹnu lẹ́ǹsì a máa kéré, bó bá sì kéré, ó máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá Ìyá Sakinah ṣú, fèrèsé kan péré ló ní. Mo ní láti la ẹnu lẹ́ǹsì gbàgà. Bó bá sì ti là tó yẹn, ibi tó máa mọ́ kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Mo bú ara mi. "Ọ̀lẹ! Alápá-má-ṣiṣẹ́! Kí ló gbà ọ́ láti dán an wò? Ìṣẹ́jú mẹ́wàá! Ẹni tí ò ṣíjú fún àádọ́ta ọdún ṣíjú fún ọ, o wá lọ ya ògiri!"

Fóònù mi dún. Sakinah ni, ọmọ obìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá ní kí n béèrè, ṣé ó ti jáde?"

"Ó kù díẹ̀," ni mo wí. Mo gbọ́ irọ́ náà lẹ́nu ara mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí. Ọ̀la, bá a bá ti kírun alásárì tán, ilé ìwòsàn là ń lọ. Wọ́n fẹ́ rí i kí wọ́n tó lọ."

Bí mo ti gbé fóònù sílẹ̀, mi ò ronú mọ́. Mo mú sùkúrúdíráfà tín-ín-rín, mo ṣí ìdérí kékeré tó wà níwájú kámẹ́rà. Sùkúrúù tó ń darí òjìji náà wà níbẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì pupa gbẹ mọ́ ọn lórí. Bàbá mi ló máa ń jí kútẹ́ẹ̀sì ìyá mi láti fi lẹ̀ ẹ́ bó bá ti tún un ṣe tán, kó má baà yí. Mo ti irin bọ̀ ọ́, mo fi ìbínú yí i. Kútẹ́ẹ̀sì náà là sí méjì.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wọn nǹkan kó tó gé e.

Ọ̀nà tí bàbá mi fi ń dán an wò nìyí. Ó máa ń tẹ́ tẹ̀súbáà gbọọrọ sórí tábìlì, kí orí rẹ̀ kan wà nítòsí kámẹ́rà, kí èkejì jìnnà. Ọmọ tó tóbi jù nínú rẹ̀, tó ń pín in, òun ló máa ń mú di ẹyọ kan nínú ihò. Á wá ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, á lẹ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ibi tí fíìmù máa ń gbà, á sì wo ohun tó hàn sórí bébà. Ó máa ń dorí kodò, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ọmọ tẹ̀súbáà tó bá mọ́ jù lórí bébà náà ni kámẹ́rà ń wò ní tòótọ́.

Mo tẹ́ tẹ̀súbáà tèmi. Mo wo bébà. Ọmọ ńlá ò mọ́, ẹ̀kẹta tó wà níwájú rẹ̀, lápá ọ̀dọ̀ kámẹ́rà, ló mọ́.

Níwájú kẹ̀? Ẹ̀yìn ni fọ́tò mi lọ! Mo ní ó dájú pé mo ti yí i jù. Mo dá a pa dà díẹ̀. Ó bọ́ sórí èkejì. Mo tún dá a pa dà, ó fo ọmọ ńlá kọjá sẹ́yìn. Mi ò jẹun, mi ò mu omi. Ẹnì kan wá gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, mo lé e bí ẹni lé ewúrẹ́, kí Ọlọ́run foríjì mí. Bí mo bá ti yí i bí irun orí, ó ti lọ jù. Mo ń rò ó pé bí mo bá tún un ṣe tán ńkọ́, ta ni yóò wá bẹ Ìyá Sakinah kó tún ṣíjú? Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́?

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí ọmọ ńlá mọ́. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn ṣe bàìbàì lọ́gbọọgba. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bákan náà ni. Mo pariwo alhamdulillahi, mo ṣí kútẹ́ẹ̀sì tuntun láti fi lẹ̀ ẹ́. Mo tẹjú mọ́ sùkúrúù náà.

Kútẹ́ẹ̀sì bàbá mi ti pín sí méjì láàárọ̀. Ìdajì wà lórí sùkúrúù, ìdajì wà lára irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Báyìí tí mo ti dá a pa dà dé ibi tó tọ́, àwọn méjèèjì bá ara wọn mu régé bí igbá àti ọmọrí.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ibi tí bàbá mi fi í sí ló wà láti ọjọ́ yìí. Ìṣubú Ọ̀fà Garage ò yẹ̀ ẹ́. Kútẹ́ẹ̀sì náà odindi ni kí èmi tó fi irin fọ́ ọ. Kámẹ́rà ò ṣe nǹkan kan.

Ta ló wá ṣe é?

Mo dijú, ọkàn mi pa dà sí yàrá Ìyá Sakinah lọ́jọ́ Ajé tí mo lọ yà á. Ó jókòó sórí ẹní, ó ní, "Ó yá." Ó ká ìbòjú náà sókè. Nílé wa, bí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni wàá máa wò. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ ìyá mi, ìgbátí ló máa jẹ. Òótọ́ ni pé mo ti ya àwọn àgbà rẹpẹtẹ, ṣùgbọ́n àwọn yẹn wá fúnra wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí mi. Èyí, ẹlẹ́hàá ni. Bó ti ká a sókè, ojú mi sá. Ó sá lọ sára wàláà. Etí wàláà gún, ó rọrùn láti mú di ẹyọ kan. Mo mú un, mo tẹ̀ ẹ́ ní kíá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ń wí pé, "Ẹ ṣeun, Màmá, Ọlọ́run á jẹ́ kó rọrùn." Ojú mi ló yẹ̀.

Bí mo bá sì ní ọ̀wọ̀ nìkan ló fà á, irọ́ ni mo pa. Kókó náà bà mí lẹ́rù.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun àìlà, mo ki fíìmù tuntun sínú kámẹ́rà, mo gbé e sínú báàgì, mo gba ẹ̀yìn ọjà Ìpàtà dé agboolé wọn. Lójú ọ̀nà, mo ti pinnu ohun tí n ó sọ: kámẹ́rà ló bàjẹ́, ó já bọ́ lóṣù tó kọjá. Kò sí ẹni tó máa dá mi lẹ́jọ́. Sakinah pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ń wo ọwọ́ mi bóyá mo mú àpòòwé dání. Báàgì wọn ti wà ní dídì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá Sakinah wà lórí ẹní rẹ̀, ìbòjú ti bò ó. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Fọ́tò yẹn... kámẹ́rà ló..."

"Kámẹ́rà ni?" ló wí, jẹ́jẹ́.

Mo wo wàláà tó wà lára ògiri.

"Rárá, Màmá. Èmi ni. Mi ò wò yín. Wàláà ni mo ń wò."

Sakinah pariwo. "Àǹtí! Ẹ̀yin tí Màmá mi ṣíjú fún! Ẹ ò wá ní kinní kan lọ́wọ́?"

"Dákẹ́, Sakinah," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó wá kọjú sí mi. "Mo mọ̀. Abẹ́ ìbòjú ni mo ti lo ayé mi, mo mọ ibi tí ojú èèyàn ń lọ. Ní ọjọ́ Ajé, mo rí i tí tìrẹ kọjá lórí mi lọ sí ògiri. Dókítà tó fẹ́ gé e, ó wò ó dáadáa kó tó kọ̀wé. Ìwọ tí mo pè, o ò lè wò ó. Nígbà tó o lọ tán, mo ní, ó dáa, bóyá ojú náà ti kọjá wíwò."

Omi bọ́ lójú mi, mi ò lè dá a dúró. Ó dùn mí wọ egungun.

"Má sunkún," ló wí. "Bí omi bá kún ojú rẹ, kí lo fẹ́ fi rí inú ihò yẹn? Nu ojú rẹ. Gbé kámẹ́rà náà jáde."

"Màmá, ẹ ní ẹ̀ẹ̀kan."

"Ìwọ náà ti wò mí lẹ́ẹ̀kan ni?"

Ó ká ìbòjú náà sókè.

Ó ti lé tìróò. Ó gún, ó dúdú, lójú méjèèjì. Mo yíjú sí Sakinah.

"Láti àárọ̀ ni," ni Sakinah wí, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀. "Wọ́n ní ẹ ń bọ̀."

Mo sún mọ́ ọn. Mo wò ó. Mo wo ilà tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, mo wo kókó náà, bó ṣe fa ètè rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wo ojú rẹ̀. Òun náà ń wò mí, kò sì ṣẹ́jú. Mo gbé kámẹ́rà sójú. Ojú mẹ́rin ló wà nínú ihò. Mo yí lẹ́ǹsì, wọ́n ń rìn bọ̀ wá bá ara wọn, wọ́n di méjì. Mo dá èémí dúró, mo tẹ̀ ẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo bá wọn ní ilé ìwòsàn kí wọ́n tó gbé e wọlé. Mo fi bébà kan ṣoṣo náà lé e lọ́wọ́. Irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣeé kà níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, wàláà ti di òjìji. Ó wò ó, ó pẹ́ tó fi wò ó, títí nọ́ọ̀sì fi pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sakinah na ọwọ́ láti gbà á. Kò fún un. Èmi ló dá a pa dà fún.

"Ìwọ ni kó o dì í mú," ló wí. "Bí mo bá jí, tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé díńgí wá, kọ́kọ́ fi èyí hàn mí."

Wọ́n tì í wọlé, wọ́n pa ilẹ̀kùn dé. Sakinah ń fa tẹ̀súbáà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì. Aago mẹ́wàá lù, ó di mọ́kànlá, ó di méjìlá, ẹnikẹ́ni ò tíì jáde. Mo gbé fọ́tò náà lé orúnkún, mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀.