Ariwo Inú Ẹ̀rọ Daniel

"Ta ló ni eléyìí?"

Ìyá Dosi, onílé, ló béèrè láti ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ẹnìtàn gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀, àmọ́ ó ti ki orí bọ inú ẹ̀rọ tí gìtá béèsì Daniel fi ń dún, irin gbígbóná tó fi ń jó lẹ́ẹ̀dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ọwọ́ òun gbọ̀n. Ìyá Dosi dúró díẹ̀, ó pòṣé, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyẹn. Nígbà tó fi di aago kan ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ̀rọ náà ti ń dún, àmọ́ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ gbọ́ ló ń dún. Daniel ò tíì fọwọ́ kan okùn gìtá tí yóò ti máa kùn hùn-ùn-ùn, bí ẹni tí inú ń run. Òkú ni wọ́n gbé e wá, Ẹnìtàn sì jí i, àmọ́ ariwo bá a jí.

Daniel ti lé lógójì ọdún. Akọ̀wé ìjọba ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn ológun tó dé tí wọ́n ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí kò ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Béèsì tó ń ta ní òtẹ́ẹ̀lì kan létí òkun nìkan ló kù tó fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní lòun yóò jókòó gbọ́ wọn. Bí béèsì kò bá dún gaara, kí Daniel máa lọ sílé, onígìtá kan ti ń dúró ní Ìjànìkin.

"Ẹnìtàn, sọ òótọ́ fún mi," Daniel wí. "Nǹkan tí o yọ nínú òkú tẹlifísàn yẹn, ṣé kò ní máa ka ìròyìn fún wa lójú agbo?"

Ẹnìtàn kò rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ti ń fura sí nǹkan náà. Ìjọba ti ti ẹnubodè pa, ohun èlò kankan ò lè wọlé láti Kùtọnu, ló ṣe lọ tú tẹlifísàn tó ti kú, tó sì fi ohun tó yọ nínú rẹ̀ tún ẹ̀rọ náà ṣe. Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ nípa iná ní yunifásítì, ó ti ń wáṣẹ́ láti ìgbà tó ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ tán, bí ohun kan bá sì ti ta kókó, oorun kì í kùn ún títí yóò fi tú u.

Ó fa wáyà gìtá yọ. Ariwo ò lọ. Ó yí ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀, ariwo rọlẹ̀. Ó yí i sókè, ariwo gòkè.

"Ẹ gbọ́ ọ, Bọ̀ọ̀dá? Ẹnu ọ̀nà tí ohùn gìtá ń gbà wọlé lòun náà ń gbà wọlé."

"Ta ni 'òun náà'?"

"N ò tíì mọ̀."

Ó tú ohun tó jó, ó tún un jó. Ó pààrọ̀ wáyà méjì. Aago lu mẹ́ta. Òógùn ń kán sínú ẹ̀rọ, Daniel sì ń fi ìnuwọ́ nù ún kúrò bí ẹní ń tọ́jú aláìsàn. Kò ṣàwàdà mọ́. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé gìtá lé itan, ó ń wo ilẹ̀.

"Ẹ̀fọn yín yìí ò dákẹ́ síbẹ̀?" Ìyá Dosi wọlé, ó gbé gààrí àti ẹja yíyan dání nínú tíréè onírin. "Ovi ṣie, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹun, ebi ò mọ àtúnṣe. Ẹ wò ó bí ìrù rẹ̀ ṣe pé! Ẹja mi ò já sínú iná mọ́ lọ́sẹ̀ yìí."

Kò síbi tí yóò gbé e sí. Ó gbé tíréè lé ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó là sílẹ̀ gbayawu.

Ariwo dákẹ́.

"Ìyá, ẹ gbé e kúrò!"

Ó gbé e kúrò. Hùn-ùn-ùn.

"Ẹ gbé e padà!"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

Ẹnìtàn ti dìde. "Ìdérí! Bọ̀ọ̀dá, irin tó máa ń bo ẹ̀yìn rẹ̀! Ariwo iná tó wà káàkiri inú yàrá yìí ni irin yẹn ń dè lọ́nà. Èmi ni mo ṣí i, tí mò ń dán an wò ní ìhòòhò, torí mo fẹ́ máa rí inú rẹ̀."

"Ká gbé tíréè lọ," Daniel wí.

"Kò ṣeé dè. Bó bá yẹ̀ lójú agbo, iná lè gbé yín. Ìdérí yẹn gan-an la nílò."

Gbogbo ohun tó yọ ló fi ọ̀dà pupa kọ nọ́ńbà sí lára. Èjì títí dé ẹ̀sán wà lórí tábìlì. Ení, ìyẹn ìdérí, ò sí. Iyọ̀ òkun ti mú kó dípẹtà, ló ṣe fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, tó sì fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kó lè gbẹ. Láti ìgbà náà, ọkàn rẹ̀ ò lọ síbẹ̀ mọ́.

Ó sáré jáde. Kò sí lára ògiri. Ó wo ẹ̀yìn àmù omi, ó wo abẹ́ àwọ̀n tí wọ́n sá. Daniel fi eékún méjèèjì wọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ tú iyanrìn. Aago mẹ́rin ti kọjá.

Ìyá Dosi ti padà sídìí ààrò, ó ń fi igi yí ẹja. "Kí lẹ ń wá?"

"Irin ni, Ìyá. Pẹlẹbẹ ni, ihò wẹẹrẹwẹ kún ara rẹ̀."

Igi dúró lọ́wọ́ ìyá náà. Ó wo Ẹnìtàn, ó wo iná. "Mo ṣá béèrè ẹni tó ni ín," ó wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Lórí ààrò, ẹja tò wìnnìwìnnì sórí irin pẹlẹbẹ tó ní ihò wẹẹrẹwẹ. Ní igun rẹ̀ kan tí èéfín ò tíì bò tán, ọ̀dà pupa ṣì hàn: ení.