Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Pè?

Ẹnu mi ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ nìyẹn. Ọ̀gágun Sohrab, aṣojú àwọn ará òkè, á ní òpùrọ́ ni Dókítà Lamya. Èmi Rihab á yí i sí èdè Lárúbáwá, á wá dà bíi pé èmi ni mo bú u. Dókítà Lamya, amòfin tó ń ṣojú àwọn ará etíkun, á fèsì pé àgbá òfìfo ni orí Ọ̀gágun. Èmi náà ni n ó tún sọ ìyẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo èébú ti gba ọ̀fun mi kọjá tán, àwọn méjèèjì á wá kí mi pé mo kú iṣẹ́.

N kò ní dárúkọ orílẹ̀-èdè wọn. Mo ṣì ń gba ẹnubodè méjèèjì kọjá. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé aládùúgbò ni wọ́n, pé àwọn méjèèjì ló ní àdó olóró átọ́míìkì, àti pé wọn kì í kí ara wọn. Lọ́dún kan, àwọn ará etíkun yin rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wo ojú ọjọ́. Àwọn ará òkè rí i, wọ́n ní ogun dé. Wọ́n ṣí ojú ihò tí àdó olóró wà. Wọ́n fẹ́ bi aládùúgbò wọn pé, "Kí lẹ yìn yẹn?" ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tí wọ́n lè pè. Ìgbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà jábọ́ sínú òkun, tó pa ẹja díẹ̀, ni wọ́n tó ti ihò wọn pa. A ò kú. Ẹja ló kú fún wa.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣèpàdé ní ìlú Amman, tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn: kí wọ́n fa wáyà tẹlifóònù kan láàárín ìjọba méjèèjì, kí ẹni tó bá fẹ́ yin nǹkan sókè lè kọ́kọ́ sọ. Gbogbo rẹ̀ ti parí, àfi ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ máa dán wáyà náà wò láràárọ̀, ká lè mọ̀ pé kò tíì kú. Ta ni yóò kọ́kọ́ pè?

"Kì í ṣe àwa," ni Ọ̀gágun wí. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀."

"Àwa kọ́," ni Dókítà Lamya wí. "Kò sí òfin àgbáyé tó ní ká máa jí kí ẹni tó ń fojú ìbọn wò wá."

Ọdún ń gorí ọdún lórí ọ̀rọ̀ yìí. Dúdú ni irun alága wa, Bàbá Talal, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ìpàdé wá pé. Bàbá Talal ń fẹ̀yìn tì, kò sì sí ẹlòmíràn tó fẹ́ jókòó sórí àga náà. Tí wọn ò bá fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lónìí, ó túká nìyẹn, kí àwọn ẹja lọ múra.

Lọ́sàn-án, lẹ́yìn tí wọ́n tún ti sọ "kì í ṣe àwa" tán, Bàbá Talal pa ìwé rẹ̀ dé. "Ó ti rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun nílé mi."

Àwọn àgbààgbà ẹbí rẹ̀ ti kún ilé. A jẹ ẹran àgùntàn lórí ìrẹsì, wàrà kíkan ń ṣàn lára rẹ̀. Ọ̀gágun jẹ tiẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀wọ̀n dé. Talal, ọmọ baálé tí wọ́n fi ń pe bàbá rẹ̀, wá ń da kọfí kíkorò fún wa nínú ife kékeré. Ọ̀gágun gba tiẹ̀, ó wò ó, ó sì gbé e sílẹ̀ níwájú ara rẹ̀ láìfi kan ẹnu.

Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá arúgbó kan tó ń rẹ́rìn-ín pa ẹnu dé, ẹran wà nínú rẹ̀.

Bàbá Talal na ara ró. "Ọ̀gágun, ẹ mu kọfí yín. Ohun tí ẹ bá wá, ẹ ti rí i gbà."

Ọ̀gágun tẹ̀ sí etí mi. "Kí ló ń sọ? Ọgbẹ́ inú ni mo ní. Oníṣègùn mi ní n kò gbọdọ̀ mu kọfí."

Mo ní, "Ọ̀gá, níbí, àlejò tó bá gbé kọfí sílẹ̀ láìmu ún, nǹkan ló wá tọrọ. Baálé sì ti gbà kó tó gbọ́, níwájú ẹbí rẹ̀. Kò lè yí i padà mọ́."

"Ohunkóhun?"

"Ohunkóhun tí apá rẹ̀ bá ká."

Ọ̀gágun wo ife náà bí ẹni tó rí wúrà lórí ààtàn. Ó wúkọ́. "Sọ fún un pé kí àwọn ará etíkun máa kọ́kọ́ pè."

Mo sọ ọ́. Dókítà Lamya bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀gágun tí kì í bẹ̀bẹ̀! Ẹ wá wò ó o, ó ti ń tọrọ!" Àfi bí ẹ̀rín ṣe gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu: ó rántí pé Bàbá Talal ti fún Ọ̀gágun ní ohun tó tọrọ. Kíá, ó gbé ife tirẹ̀ náà kalẹ̀, kọfí ta sórí ẹní. "Bàbá Talal, èmi náà rèé! Kí àwọn ará òkè máa kọ́kọ́ pè!"

"Talal," ni bàbá arúgbó yẹn kígbe, "kó ife nílẹ̀ kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀!"

Bàbá Talal wo ife méjì. Tó bá kọ̀ fún ẹnì kan, ojú ti ìdílé rẹ̀ títí ayé. Tó bá gbà fún àwọn méjèèjì, ó purọ́. Ó ti ife méjèèjì sún mọ́ àwọn tó ni wọ́n.

"Ẹ mu ún," ló wí, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó fẹ́ sùn lọ. "Ọ̀gágun ò fẹ́ kọ́kọ́ pè. Dókítà ò fẹ́ kọ́kọ́ pè. Ohun tí ẹ̀ ń sá fún nìyẹn, kò sí òmíràn nínú rẹ̀. Èmi ni n ó máa pè. Láràárọ̀, n ó pe ẹ̀yin méjèèjì pọ̀ láti Amman níbí."

"Bàbá, ṣebí ẹ̀ ń fẹ̀yìn tì?"

"Mo mọ̀, Dókítà. Ṣé òfin lòdì sí i?"

Dókítà wá a nínú orí rẹ̀ títí. "Rárá," ló wí, bí ẹni tí inú rẹ̀ ò dùn sí i.

Ọ̀gágun gbé kọfí náà mì, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Orí ẹní yẹn ni wọ́n ti fọwọ́ sí i.

Ìjọba méjèèjì ní kí Ọ̀gágun àti Dókítà, àwọn tó fa wàhálà náà, máa jókòó ti tẹlifóònù náà, oníkálùkù nílùú rẹ̀. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, Bàbá Talal pè wọ́n, èmi ògbufọ̀ jókòó tì í. Wọ́n gbé e pọ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Oníkálùkù ń dúró kí ẹnì kejì kọ́kọ́ kí òun.

Bàbá Talal mí kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin méjèèjì."

Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Òtútù mú, òjò rọ̀, Bàbá ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀. Ó gbé ìrọ̀rí rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì. Mo ní, "Bàbá, ẹ lọ sinmi." Ó ní, "Ta ni yóò wá kí wọn?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tẹlifóònù náà dún fúnra rẹ̀. Kò dún rí; àwa la máa ń pè. Mo gbé e.

"Rihab!" Ọ̀gágun ń mí gúlegúle. "So mí pọ̀ mọ́ obìnrin yẹn! Rọ́kẹ́ẹ̀tì ojú ọjọ́ la fẹ́ yìn o. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan!"

Mo so wọ́n pọ̀, mo sì sọ ọ́.

"Mo ti gbọ́," ni Dókítà Lamya wí. "Ẹ ṣeun."

Bàbá Talal lajú lórí ìrọ̀rí rẹ̀. "Ta ló pè?"

"Ọ̀gágun ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó tún orí rẹ̀ gbé lé ìrọ̀rí, ó pa ojú dé.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Má ṣe jẹ́ kó mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ pè."