Agboòrùn Tí Ó Ń Ṣí Fúnra Rẹ̀

Ohun tí Olúrónkẹ́ máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹni tó bá wá kọ́ eré ṣíṣe lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó má sunkún.

"Ẹkún kì í ṣe iṣẹ́," ni yóò wí. "Mú nǹkan kan wá láti ilé yín, nǹkan tí ọwọ́ ti lò gbó. Má lọ rà á lọ́jà. Fi hàn wá bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí a bá ti rí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ìtàn inú rẹ̀ á jáde fúnra rẹ̀, bí epo ṣe ń jáde lára ẹyìn tí a gún dáadáa."

Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní èyí. Máṣíìnì ìránṣọ ni ó ń tún ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí oríta Ore tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Bìní ti ń pàdé. Nígbà èwe rẹ̀, ó tẹ̀lé ẹgbẹ́ eléré kan kiri fún ọdún mẹ́rin. Òun ni ó ń tan iná fún wọn, òun náà ni ó ń tún jẹnẹrétọ̀ wọn ṣe. Láti ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni ó ti ń wo àwọn òṣèré, ó sì ṣàkíyèsí pé ẹni tó mọ okùn bàtà dì lójú agbo ni àwọn èrò máa ń gbà gbọ́ ju ẹni tó mọ igbe ké lọ. Nígbà tó dàgbà, ó gba ilé kòkó àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbá a mọ́, ó kó àga márùn-ún sí i. Àwọn tó ń ra kòkó níbẹ̀ ti kó lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n òórùn kòkó kò bá wọn lọ. Ní ọjọ́ Sátidé, láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń pàdé.

Ohun kan wà tí àwọn aládùúgbò mọ̀ nípa Olúrónkẹ́ tí wọn kì í dá sọ lójú rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Láoyè, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jáde nílé ní ọmọ ogún ọdún. Ìròyìn ni ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bítúmẹ̀nì ní Agbabu, pé wọ́n ti ń gba orúkọ. Ó ní òun á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò dé. Olúrónkẹ́ wá a lọ sí Agbabu lẹ́ẹ̀meje. Àwọn kan ní ó ti gba Líbíà lọ. Àwọn kan ní ọkọ̀ ló gbá a lójú títì márosẹ̀, pé wọ́n ti sin ín mọ́ àwọn tí kò ní ẹni. Òkú ni à ń sin, arìnrìn-àjò ni à ń retí. Olúrónkẹ́ kò mọ èwo ni kí òun ṣe nínú méjèèjì. Kò pààrọ̀ àgádágodo ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti ọjọ́ náà, nítorí pé kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Láoyè. Nígbà tí àgádágodo náà dípẹtà, ó tú u palẹ̀, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó ta òróró sí i, ó sì gbé e padà sí ipò rẹ̀. Ọdọọdún ni ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní Sátidé tí à ń sọ yìí, ojú ọ̀run ti ṣú. Elisha ni ó kọ́kọ́ dìde. Ọlọ́kadà ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó yọ pọ́lọ́ọ̀gì dúdú kan nínú àpò, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sì bú sẹ́kún.

"Elisha, kí ló ṣe ọ́?"

"Màmá, ti ọ̀kadà mi àkọ́kọ́ ni. Ó ti lọ!"

"Ibo ló lọ?"

"Mo tà á ni."

Ilé hó fún ẹ̀rín.

"Nu ojú ẹ, ọ̀dàlẹ̀," ni Olúrónkẹ́ wí. "Fi bí o ṣe ń tú u hàn wá. Ṣé ó gbóná àbí ó tutù? Kí lo fi dì í mú?"

Elisha bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń tú pọ́lọ́ọ̀gì lára ọ̀kadà tí kò sí níbẹ̀. Ó jó o lọ́wọ́, ó fi etí aṣọ rẹ̀ mú un, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu, ó fi èékánná ha èéfín ara rẹ̀ kúrò, ó sì gbójú sókè wo ọ̀nà bí ẹni tí èrò ń dúró dè. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Gbogbo wọn rí ọ̀kadà náà.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Olúrónkẹ́ wí. "Ohun tí kò sí mọ́, ọwọ́ ló ń pè é padà. Toyibat, ó kàn ọ́."

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Toyibat. Rìlwánù bàbá rẹ̀ wá láti Ìwó, ó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ní Araromi-Obu. Ọ̀sẹ̀ kẹta ọmọbìnrin náà nìyí, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa agboòrùn kan yọ nínú ọ̀rá, agboòrùn dúdú tí aṣọ rẹ̀ ti ṣá di àwọ̀ eérú.

Olúrónkẹ́ kò kà á sí nǹkan kan. Agboòrùn dúdú pọ̀ láyé.

Toyibat kò tẹ bọ́tìnì tó wà níbi ìdìmú rẹ̀. Ó kan ṣóńṣó rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó, kó. Ó lọ́ ìdìmú náà sí òsì. Agboòrùn náà ṣí, fàá!

Ara Olúrónkẹ́ bù máṣọ. Òjò ti ń kan páànù, kò sì mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Agboòrùn tí Láoyè mú jáde lọ́jọ́ náà ni. Ènìyàn méjì péré, òun àti Láoyè, ni ó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń ṣí i, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni ó tún un ṣe. Irin kékeré tó ń kọ́ sípíríńgì rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti kán nígbà náà. Olúrónkẹ́ gé irin pẹlẹbẹ lára ilé bọ́bìnì máṣíìnì ìránṣọ tó ti bàjẹ́, ó fi fáìlì tí wọ́n fi ń ha irin rẹ́ ẹ, ó fi rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rẹ́ ẹ jù. Láti ìgbà náà ni bọ́tìnì kò ti ṣiṣẹ́ mọ́. Bí òtútù bá sì mú irin náà, yóò sún kì díẹ̀, yóò yọ̀, agboòrùn yóò sì ṣí fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Láoyè a máa rẹ́rìn-ín: "Màmi, ẹ ti fún agboòrùn lẹ́mìí."

Ó ṣe é bí kí ó já a gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ó mọ Toyibat. Bí ìgbín tí a fọwọ́ kàn níwo ni. Bí a bá jágbe mọ́ ọn, yóò wọnú karawun, kò sì ní jáde mọ́. Olúrónkẹ́ di ẹ̀yìn àga mú, ó ń ṣe iṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

"Ó dáa. Ta ló ni ín?"

"Bàbá mi ni, mà."

"Ṣé bàbá rẹ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣí i?"

Toyibat wo ilẹ̀. "Rárá, mà."

"Ọwọ́ ta ni ọwọ́ rẹ ń tẹ̀ lé?"

"Bùrọ̀dá kan ni. Bùrọ̀dá Ore là ń pè é, kò dárúkọ fún wa. Mo kéré nígbà yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí. Ó ní òun wá iṣẹ́ kan lọ, iṣẹ́ náà ò sí, ojú sì ń ti òun láti padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ó ní tí òun bá bá wa kórè kòkó tán, òun á máa lọ."

"Fi hàn wá. Báwo ló ṣe ń mú un lọ sóko?"

Toyibat pa agboòrùn náà dé, ó há a sí abíyá òsì, ó sọ èjìká kan sílẹ̀, ó sì rìn kọjá láàárín àwọn àga. Láti ìgbà tí Láoyè ti jábọ́ lórí igi àgbálùmọ̀ ni èjìká rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀. Olúrónkẹ́ ń wo ìrìn ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ.

"Kí ló máa ń sọ nípa agboòrùn náà?"

Toyibat rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ó ní kò sóhun tí màmá òun ò lè tún ṣe láyé yìí, àmọ́ ó fi fáìlì rẹ́ èyí jù. Ó ní ìjà àwọn méjèèjì nìyẹn."

"Màmá, àbí ẹ̀yin ni!" ni Elisha pariwo, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Olúrónkẹ́ bá wọn rẹ́rìn-ín.

"Nígbà tí ẹ̀mí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀," ni ó wí, "ìgbà wo ni o di agboòrùn náà mú gbẹ̀yìn?"

Toyibat gbójú sókè. "Mi ò tíì sọ pé ó kú, mà."

Ẹ̀rín tán.

"Fi hàn wá," ni Olúrónkẹ́ wí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì. Kó, kó, fàá. Ó na agboòrùn náà bo nǹkan kan tó wà nílẹ̀. "Paramọ́lẹ̀ ló bù ú ṣán, lábẹ́ ewé kòkó. Bàbá mi sáré lọ wá ọ̀kadà, ọ̀nà sì ti di ẹrọ̀fọ̀. Ó ní kí n jókòó tì í, kí òjò má pa á. Ọwọ́ ń ro mí. Bùrọ̀dá ní kí n fi ọwọ́ kejì kún un."

Ó fi ọwọ́ kejì kún un.

"Ṣé ó ń sunkún?"

"Rárá, mà. Ó ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa á dé. Àtàǹpàkò níbí, kí o tẹ̀ ẹ́ títí á fi dún ká. Ó ní tí mi ò bá gbọ́ ká, kò tíì pa dé. Ó ń sọ ọ́ léraléra. Nígbà tí bàbá mi dé, mo ṣì nà án bò ó."

Bí wọ́n ṣe rí ọ̀kadà Elisha, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rí ẹni tó nà gbalaja sílẹ̀ lábẹ́ agboòrùn náà. Olúrónkẹ́ rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta, òjò sì ń pa á. Ó kù díẹ̀ kí ó ní kí ọmọ náà sún un sísàlẹ̀ díẹ̀.

"Bàbá mi sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko," ni Toyibat wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Onílẹ̀ ti kìlọ̀ pé ẹni tó ń dáko níbẹ̀ tó bá gba àlejò láìsọ fún òun, kó kẹ́rù ẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ òun..." Ìgbà náà ni ó tó gbọ́ ohun tó ti ẹnu ara rẹ̀ jáde. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ jọ̀ọ́, eré ni. Eré ni mò ń ṣe o."

Olúrónkẹ́ rìn lọ bá a. Ó gba agboòrùn náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu rẹ̀: ká. Ó kan án mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ́ ọ sí òsì, ó ṣí.

"Màmá," ni Toyibat wí, "ta ló kọ́ yín?"

"Èmi ni mo rẹ́ ẹ jù," ni Olúrónkẹ́ wí.

Elisha ṣí fìlà lórí. "Màmá, ẹnu mi yìí, mo ti tì í pa," ni ó wí. Àwọn yòókù mi orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, Elisha fi ọ̀kadà gbé obìnrin méjèèjì lọ sí Araromi-Obu. Bí Rìlwánù ṣe rí agboòrùn lábẹ́ apá àlejò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrọ̀fọ̀, àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta.

"Ẹ dìde, Bàbá Toyibat."

"Mo wá yín dé oríta Ore lẹ́ẹ̀mejì, mà. Ta ni mo fẹ́ bèèrè? Orúkọ kankan ò sí lẹ́nu mi. Ẹ̀rù sì bà mí."

"Láoyè ni orúkọ ẹ̀. Ọdún mọ́kànlá."

"Mo mọ̀, mà."

"Ẹ ò mọ̀," ni Olúrónkẹ́ wí.

Rìlwánù mú un lọ síbi tí pèrègún méjì wà, ọ̀kan níbi orí, ọ̀kan níbi ẹsẹ̀. Wọ́n ti ro ìdí wọn mọ́. Ó ní àwọn kírun sí i lára nítorí àwọn ò mọ ẹ̀sìn rẹ̀. "Ọmọ ìjọ ni," ni Olúrónkẹ́ wí, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣeun." Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní onílẹ̀ kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa retí òun lóṣooṣù. Rìlwánù wọlé, ó gbé agolo mílíìkì kan jáde. Kọ́kọ́rọ́ kan wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

Ìrì òjò ń sẹ̀ nígbà tó dé ilé ní ìrọ̀lẹ́. Ó ki ọwọ́ bọ àpò láti mú kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó sì dá ọwọ́ dúró. Ti Láoyè ni ó mú. Ó fi etí ìró nu ún, ó kì í bọnú àgádágodo. Kò há rárá. Ó yí bí ẹni pé àná ni wọ́n lò ó gbẹ̀yìn.

Ó ti ilẹ̀kùn ṣí, ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ènìyàn ṣe ń yà fún ẹni tó ru ẹrù, ó dúró díẹ̀, kí òun náà tó wọlé. Ó fi agboòrùn sí kọ̀rọ̀ ibi tí ó máa ń wà. Ó ti fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbọ́ ká.

Fáìlì wà nínú àpótí irinṣẹ́, irin pẹlẹbẹ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò ju iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Olúrónkẹ́ fa àga, ó jókòó kọjú sí kọ̀rọ̀ náà, ó káwọ́ lérí itan. Òtútù òjò ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé díẹ̀díẹ̀.

Fàá!

"Irin ló sún kì," ni ó sọ sókè. Ó sì ń retí kí ẹnìkan bá òun jiyàn.