Ètò Tí Kì í Béèrè

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo nǹkan," ni àbúrò rẹ̀ wí láti ìdí tábìlì kejì.

Ọ̀gá, bí gbogbo ilé ṣe ń pè é, kò dìde. Aago mọ́kànlá ti lù, aago méjìlá ọ̀sán ló sì ṣèlérí pé ètò tóun fi ọdún méjì kọ yóò jáde: ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń jí, tí gbogbo iṣẹ́ inú rẹ̀ gbé lé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ lè tú u wò, kó sì tún un ṣe. Àwọn akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà bíi tirẹ̀ ló ṣe é fún, àwọn tó ti sú wọn kí ẹ̀rọ máa bi wọ́n bóyá ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe dá wọn lójú. Gbogbo irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló fà tu pátá. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọdé," ló máa ń wí, á sì máa gbọn ẹsẹ̀ lábẹ́ tábìlì.

"Kí ló dé?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ètò yín sórí kọ̀ǹpútà mi ni. Ó yára o. Àmọ́ dísìkì tí mo kó iṣẹ́ mi pamọ́ sí, mi ò tíì yọ ọ́ lára ẹ̀rọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó ti pa òun náà rẹ́."

Ìgbà yìí ló dìde. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ pé kí ètò náà gba gbogbo dísìkì tó bá bá níbẹ̀. Ẹyọ kan péré ló wà lára kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò sì ronú kọjá ibẹ̀. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ló lọ yẹn, ètò tí yóò máa sọ ọ̀rọ̀ ẹnu olùkọ́ di àkọsílẹ̀ fáwọn ọmọ tó jẹ́ adití. Ọjọ́bọ̀ ni àbúrò rẹ̀ fẹ́ fi han ilé ìwé wọn. Wọ́n gbìyànjú láti kó o padà, ṣùgbọ́n aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́.

"Ẹ má dá ara yín lẹ́bi," ni àbúrò náà wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Èmi ni mi ò yọ ọ́. Ẹ gbé e jáde."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ọ̀gá ju èébú lọ. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó rìn padà, ó tún lọ. Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ lórí fóònù, ọkùnrin tí wọ́n jọ kọ ètò náà láti ọ̀nà jíjìn.

"Ó ti pa iṣẹ́ àbúrò mi rẹ́."

Onítọ̀hún béèrè pé, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àti òun. Ìwọ náà báyìí."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé e jáde, ká tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti yẹ ọjọ́. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń dúró. Tá a bá tún yẹ̀ ẹ́, ta ni yóò gbà wá gbọ́ mọ́?"

Òótọ́ ló sọ, Ọ̀gá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ ọ̀rọ̀, ó pa á rẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago méjìlá lù, ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń dúró: "Ẹ má fi ètò yìí sórí kọ̀ǹpútà yín. Ó ń pa gbogbo dísìkì tó bá rí rẹ́ láìbéèrè. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Mi ò tíì mọ ọjọ́ tí yóò jáde."

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ó dojú rẹ̀ dé, ó sì fa àga rẹ̀ lọ sídìí tábìlì kejì.

"Àbúrò mi, dákun, má bínú."

Láti kékeré wọn, kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí; òun ni ẹ̀gbọ́n.

"Inú ń bí mi, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀. Máa sọ èyí tó o bá rántí nínú iṣẹ́ rẹ, èmi á máa tẹ̀ ẹ́."

Àbúrò náà bo ojú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gá ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e, kò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.