Dò Tó Kẹ́yìn

Oṣù mẹ́ta gbáko ni káfíńtà kan fi ń ta dò-re-mí lórí gìtá ní ìrọ̀lẹ́, àlọ àtàbọ̀, bí ẹni ń kan ìṣó mọ́ pákó. Ká sòótọ́, kò dùn. Ìyá rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá kejì kò fìgbà kan dúró gbọ́ ọ.

Ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní orin jáàsì ti sọ fún un pé, "Ìka rẹ kì í mí. Máa fẹnu kọ ọ́ bó o ṣe ń ta á. Níbi tí èémí rẹ bá ti tán, kí ọwọ́ náà sinmi."

Lọ́jọ́ yìí, ó dán an wò. Ó fa ohùn kan gùn, ó rọra fo èkejì, ó padà sẹ́yìn díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé, ó tún ń gòkè lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ku dò kan péré lókè kó parí, ni èémí rẹ̀ bá tán. Ó sinmi.

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ó rò pé ariwo òun ti sú ìyá òun nìyẹn.

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

"Ta ló ń bínú? Ṣé o ò ní parí ẹ̀ ni? Mo ti gbé ẹsẹ̀ sókè látẹ̀ẹ̀kan, mi ò mọ ìgbà tí màá gbé e sílẹ̀."

Ó ta dò. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í rán.