Ẹni Tó Se Oúnjẹ Ló Ń Gbé E Lọ

Kí wọ́n tó kúrò ní Ọ̀kà ni ọlọ́kadà tó ń gbé Ọlálẹ́yẹ lọ sí Ìkàrẹ́ ti wo bàtà sójà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì wo aṣọ sójà tó wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó bi í pé mélòó ló ti pa lójú ogun ní Bọ̀nọ́ lókè Ọya.

"Wọ́n pọ̀," ni Ọlálẹ́yẹ fèsì.

Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n adìẹ ni gbogbo wọn.

Ìyá rẹ̀ ló ní dandan ni kó wọ aṣọ ọ̀hún. Ìyá tó ti dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì, tó jẹ́rìí pé ọmọ òun ń bá ọ̀tá jà, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ fún un pé ìkòkò lòun ń bá jà?

Ó ti ṣírò iṣẹ́ tí kò léwu dáadáa nígbà tí wọ́n gbà á síṣẹ́ sójà. Iṣẹ́ awakọ̀ kọ́, torí ojú títì ni wọ́n ń ri bọ́ǹbù mọ́. Iṣẹ́ akọ̀wé dára, àmọ́ ìwé rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ó ro ti àwọn tó ń fun fèrè, ó rí i pé ìgbà tí wọ́n bá ń sìnkú sójà ni wọ́n ń fun ún jù, ara rẹ̀ bù máṣọ. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n lójú Ọlálẹ́yẹ, àwọn tó pa òwe yẹn kò tíì gbúròó ìbọn nítòsí. Bó ṣe já sí ilé ìdáná nìyẹn. Ta ló máa yìnbọn fún ẹni tó ń ro ẹ̀bà?

Òun náà ló fa Zacchaeus, ọmọ Ìkàrẹ́ tí wọ́n jọ wọṣẹ́, wá síbẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló burú níbẹ̀: ẹni tó bá se oúnjẹ ló ń gbé e lọ bá àwọn tó wà níwájú ogun, á sì kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀ lójú wọn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí májèlé nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, Ọlálẹ́yẹ ló se ẹ̀wà. Ìròyìn dé pé ọ̀tá wà lójú ọ̀nà. Ló bá di ikùn mú. Zacchaeus gbé ẹ̀wà náà lọ, kò sì padà wá.

Ìta ilé ni Ọlálẹ́yẹ ti bá ìyá Zacchaeus ní Ìkàrẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ìyá náà fà á dìde, ó sì gún iyán fún un. Ó ti há ọ̀rọ̀ ìtùnú sórí látàárọ̀, pé akọni ni Zacchaeus, pé gbogbo wọn ló ń dárò rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjì péré ló wà níbẹ̀.

Ó ní Zacchaeus pe òun lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà. Zacchaeus ní inú ń run Ọlálẹ́yẹ, pé ẹ̀rù sì ń ba òun láti bá a gbé oúnjẹ lọ.

"Èmi ni mo ní kó lọ. Mo ní ọmọ Àkókó kì í já ọmọ Àkókó sílẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan, àwọn àbúrò rẹ̀ pàápàá ò mọ̀. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ti ọmọ mi." Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu ojú. "Inú yẹn ńkọ́, ọmọ mi? Ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀?"

Ọlálẹ́yẹ lè ní ó ti fi òun sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, òun á sì gbọ̀nà Ọ̀kà lọ. Ojú tì í débi pé kò lè gbójú sókè.

"Mà, inú ò run mí lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

Ó retí èpè. Ìyá náà kò ṣẹ́ ẹ. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì sunkún bí ẹni tí kò ráyè sun ún láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀. Ọlálẹ́yẹ ń wò ó. Láti oṣù mẹ́ta tí òun ti ń sùn tí òun ń jí láìfarapa, obìnrin yìí ló ti ń bá òun ru ẹ̀bi náà ní Ìkàrẹ́.

Ó bọ́ fìlà sójà kúrò lórí, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, kó lè rí ojú òun dáadáa.